Bàbá Onífèrèsé, Ẹni Tó Ń Rán Ẹ̀rọ Létí

Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aago ni wọ́n ti bí Bàbá wa, ní ọdún 1952, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé òrùlé ọ̀run ti jò. Bàbá tó bí wọn ló ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Etí bàbá yẹn mú débi pé bí aago ọwọ́ yín bá fi ìṣẹ́jú kan rẹ̀yìn, láti òdìkejì títì ni yóò ti máa wò yín bí ẹni wo olè. Ìyá wọn ń ránṣọ. Bàbá bàbá wọn ń rọ kọ́kọ́rọ́. Ìran tí kò lè rí ohun tó bàjẹ́ kó kọjá lára rẹ̀ ni Bàbá ti wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orí pápá la ti he wọ́n.

Wọ́n ní nígbà tí agbẹ̀bí gbé Bàbá sókè, wọn ò sunkún. Gílóòbù tó wà lókè ni wọ́n tẹjú mọ́, ni gílóòbù bá kú. Àwọn kan ń sọ pé iná ló lọ ní gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bàbá ló wò ó pa.

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wá bá wa dárò, gbogbo ẹbí ló pawọ́ pọ̀ rántí ohun tó wà nínú ìwé yìí. Àbíkẹ́yìn ọmọ olóògbé ni wọ́n ní kó fẹnu gbé e kalẹ̀, nítorí òun lẹnu rẹ̀ dùn jù nínú ilé, òun ló lágbára jù, òun ló sì rẹwà jù. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jọ̀ọ́ dúró dìgbà tá a bá sìnkú tán.

Ní ti ẹ̀kọ́, ilé ìwé ò gba Bàbá lọ títí. Ní ọdún 1964, wọ́n tú aago tó ń dún bí àkókò eré bá tó, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ fún un pé àkókò ti tó. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọn ò rí i tò padà. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n máa lọ sílé. Odindi sáà kan ni ilé ìwé náà fi wà láìsí aago, tí àwọn ọmọ ń ṣeré títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí Bàbá lójú títì, wọ́n á ṣí fìlà. Sáà yẹn ni wọ́n ń rántí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ bá ọmọ iṣẹ́ wí, á kàn mí kanlẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wá sílé, tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ lówùúrọ̀, tí ìdáhùn á dé lálẹ́, tí kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

Ní ọdún 1979, Bàbá gbé Ìyá wa níyàwó. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ òtútù ni Ìyá ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ wọn sì yá. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, atẹ́gùn gan-an máa ń yà fún Ìyá lọ́nà. Bí Ìyá bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rédíò nírọ̀lẹ́, Bàbá á ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé Ìyá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Bàbá rí sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Dúró dè mí." Ìyá ò dúró. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni Bàbá fi sá eré yìí, ẹni tó bá sì mọ ikùn Bàbá nígbà tí wọ́n dàgbà ò ní gbà pé wọ́n sáré rí láyé. Ìyá fúnra wọn ló sọ fún wa pé ọjọ́ táwọn wá dúró, kì í ṣe pé àwọn ti gbà. Okùn bàtà àwọn ló já. Bàbá kúnlẹ̀ sójú títì, wọ́n yọ wáyà pupa kan lápò, wọ́n fi so bàtà náà. Wáyà yẹn le ju bàtà lọ. Bó ṣe di ìgbéyàwó nìyẹn.

Ọdún 1984 ni Bàbá gba ṣọ́ọ̀bù tiwọn nísàlẹ̀ ilé alájà méje tí à ń gbé. Àwa wà ní àjà keje lókè pátápátá, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di Bàbá Onífèrèsé.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe fèrèsé ilé o. Nínú àwọn ẹ̀rọ, ṣíìpù kan máa ń wà tó ń rántí ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìfọṣọ pé omi ti tó, ó yá, máa yí aṣọ po. Òun ló ń sọ fún iná ojú títì pé pupa ti pẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Bí iná lọ fún ọdún kan, kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n irú èyí tí Bàbá ń lò, fèrèsé kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó mọ́ gaara, tẹ́ ẹ bá bẹjú wò ó, ẹ ó rí ọpọlọ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbàgbé èyí tó mọ̀, kẹ́ ẹ lè kọ́ ọ ní tuntun, abẹ́ iná kan báyìí lẹ máa gbé e sí, iná tí ojú èèyàn ò gbọdọ̀ wò. Iná yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á gbá inú rẹ̀ mọ́ bí ẹni gbá yàrá tí ayálégbé ti kó jáde. Bàbá á wá fi ẹ̀rọ mìíràn kọ ọ̀rọ̀ tuntun sínú rẹ̀. Kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n tún pa á rẹ́, kò sú ṣíìpù, kò sú Bàbá.

Inú agolo bisikíìtì ńlá kan ni Bàbá gbé iná náà sí. Bó bá ń jó, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdérí ti dáràn. Àbíkẹ́yìn fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan nígbà tó wà ní kékeré. Ìgbájú tó jẹ lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí òun náà gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ bíi ti ṣíìpù.

Oòrùn náà lè pa ṣíìpù yìí rẹ́. Kì í ṣe lójijì bíi ti iná inú agolo o. Ó máa ń rọra ṣe é ni, bí eku ṣe ń jẹ ẹsẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nítorí náà, bí Bàbá bá ti kọ ṣíìpù tán, wọ́n á bo fèrèsé rẹ̀. Plásítà ni wọ́n fi ń bò ó, plásítà ojú egbò. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jẹ́rìí. Nínú ilé wa, bí ọmọ bá fara pa, omi la fi ń fọ̀ ọ́ tá a ó ní kó rọra, torí plásítà ti tán. Ọmọ tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ á máa ṣẹ̀jẹ̀ níbí, ṣíìpù tí nǹkan kan ò ṣe á wọ plásítà jókòó sórí tábìlì bí aláìsàn tí wọ́n ń kẹ́.

Orí plásítà yẹn ni Bàbá ń kọ orúkọ ẹ̀rọ sí: oníbúrẹ́dì, òṣùwọ̀n alápatà, géèmù àwọn ọmọ. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan á lọ sínú ẹ̀rọ, ìkejì rẹ̀ á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gbàgbé ara rẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan wà nílé tó mọ̀ ọ́n.

Kò sí ẹ̀rọ tí Bàbá ò rán létí ní ìlú yìí. Ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ, ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú ọkọ̀, gbogbo wọn. Iná oríta tí Bàbá tún ṣe ní 1991 gbọ́n débi pé ó dá mọ́tò dúró fún pẹ́pẹ́yẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n tò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn ò tíì dáyé nígbà náà, àmọ́ ó rí i kedere.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá ní àga tiwọn nílé àdúrà, lẹ́yìn òpó, níbi tí oníwàásù ò ti lè rí wọn bí wọ́n bá ń tòògbé. Wọ́n ní ojú ló sùn, etí wà níbẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀ wọn ò gùn. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn gbàgbé, bí àwọn bá sì gbàgbé, kó rán àwọn létí. Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á máa wá bàtà wọn.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba lífítì ilé wa, torí òun ló kó èébú jù bá Bàbá. Ní 2016 ni Bàbá kọ ṣíìpù tuntun fún un. Láti ìgbà náà, ó ń gbéra dáadáa, ó ń dúró dáadáa, àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Bó bá dé àjà keje, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí, á sì wà ní ṣíṣí. Ẹ lè wẹ̀, kẹ́ ẹ kun ìpara, kẹ́ ẹ fẹ́yàwó, kẹ́ ẹ bímọ, ilẹ̀kùn ò tíì tì. Ní àjà yòókù, wéré ló ń tì, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gé yín ní ìrù aṣọ. Ọkùnrin kan wà ní àjà kẹfà tí à ń pè ní Kíákíá, torí kò sígbà tí kò pẹ́ síbi iṣẹ́. Bí lífítì bá gòkè lọ sí àjà keje kó tó wá gbé e, á máa lu ilẹ̀kùn, á ní ẹ wo ẹni tó ń tún ti gbogbo ayé ṣe, tí ti ilé tirẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ayálégbé kó ara wọn jọ wá bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí ló dé tí lífítì ń ṣe báyìí. Bàbá wò wọ́n títí. Bàbá ní, "Ó ń ronú ni." Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Àwa ọmọ náà ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí oúnjẹ bá pẹ́ níná, a ó ní ó ń ronú ni.

Ẹ fún wa láyè ká mí díẹ̀ níbi tá a dé yìí, torí ẹnu wa ò tíì gba ọ̀rọ̀ tó kù.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, lífítì kọṣẹ́. Bàbá jí, wọ́n jẹun, wọ́n bú àbíkẹ́yìn pé oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá mọ̀ pé èébú ìkẹyìn nìyẹn, ì bá ní kí wọ́n fara balẹ̀ bú òun dáadáa. Bàbá gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kékeré tó wà lórí òrùlé, níbi tí ọpọlọ lífítì wà, Abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé wọn. Abẹ́rẹ́ ni obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Ó tín-ín-rín bí orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sì máa ń gún èèyàn. Ìhòòhò ni wọ́n bá ṣíìpù lífítì. Plásítà orí rẹ̀ ti gbẹ, ó ti já bọ́, oòrùn sì ti ń gba ihò ara ògiri wọlé bá a láti ìgbà tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Kò rántí nǹkan kan mọ́. Bàbá ní kò burú, ìkejì rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí àga wọn. Wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ bu omi fún àwọn. Nígbà tí omi máa fi dé, Bàbá ti lọ.

Kò sí àìsàn. Kò sí ó dàbọ̀. Ife omi yẹn wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ títí tí wọ́n fi gbé Bàbá jáde. Àwa náà ṣì dúró bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà nílẹ̀ ni ti Ìyá. Ẹsẹ̀ tí atẹ́gùn ń yà fún lọ́jọ́sí, orúnkún ti bà á jẹ́. Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti tẹ àtẹ̀gùn kẹ́yìn. Ìyá wà lókè, ọkọ wọn kú sísàlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé òkú láìjẹ́ pé Ìyá fojú kàn án. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti rí ẹ̀yìn mọ́tò. Àwọn tó ni lífítì wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní irú èyí ò sí lọ́jà mọ́, àfi ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì di oṣù mélòó kan. A ní ká gbé Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Àbíkẹ́yìn, tó lè gbé màlúù méjì kó sì máa súfèé, ní òun nìkan ti tó. Àwọn ọkùnrin ilé ṣáà bá a dì í mú. A ò tíì dé ibi tí àtẹ̀gùn ti kọ́kọ́ yí tí àga fi yẹ̀, Ìyá gbá irin àtẹ̀gùn mú, díẹ̀ báyìí ló kù kí ọ̀fọ̀ di méjì. Ìyá ní ká dá àwọn padà. Wọ́n ní, "Ẹ ò ní gbé mi bí àpò sìmẹ́ǹtì lọ bá ọkọ mi. Bí mi ò bá ti ní fi ẹsẹ̀ ara mi wọ ibẹ̀, ẹ máa lọ sin ín. Màá máa wò yín lójú fèrèsé."

Ìyá kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n yí i padà. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìsìnkú yìí, orí ṣíìpù kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ní kò le, ìkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ wà lórí plásítà rẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ òun á wá mú un.

Àmọ́ kí Abẹ́rẹ́ tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú, Àǹtí Mọ́tótó ti débẹ̀. Àǹtí ni àkọ́bí Bàbá. Ìbànújẹ́ àwọn ẹlòmíràn máa ń gba ojú jáde, ti Àǹtí, ọwọ́ ló ń gbà. Bí inú wọn bá bàjẹ́, wọ́n á wá kànìnkànìn. Wọ́n ní àwọn àlejò á máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì ní gbọ́ pé ọ̀bùn ni Bàbá wa títí wọ́n fi kú. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n nu ògiri, wọ́n nu agolo bisikíìtì. Wọ́n wá rí àwọn ṣíìpù, wọ́n pọ̀ jàǹtìrẹrẹ, plásítà tó ti dúdú fún ìdọ̀tí wà lórí gbogbo wọn. Àǹtí mú réésà, wọ́n ṣí plásítà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí réésà fi gé wọn níka, wọ́n ra ẹyọ plásítà kan lé e. Wọ́n kó plásítà dà nù, àwọn akólẹ̀ sì ti gbé e lọ. Wọ́n to àwọn ṣíìpù sórí tíréè níta nínú oòrùn, gbogbo fèrèsé ń dán. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ọṣẹ ló tán.

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe dé nìyẹn. Ó káwọ́ lérí. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo tíréè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò gún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti bọ́ wọn síhòòhò. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́ láyé yìí."

Ó ṣàlàyé fún wa. Ti oòrùn ò tíì le jù, ìyẹn ò tíì pẹ́ tó lára wọn. Ti orúkọ ló le. Gbogbo wọn jọra bí ẹyin adìẹ. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó lè ka inú wọn, àmọ́ nọ́ńbà lásán ni yóò máa tò sílẹ̀, èyí tó wà lókè òrùlé sì ti gbàgbé pátá, kò sí ohun tá a máa fi wé e. Àfi ká máa tú ẹ̀rọ gbogbo ìlú wò ká tó mọ èyí tó kù, ìyẹn á sì di oṣù. Àbíkẹ́yìn ní ká kàn máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á wọ inú lífítì, ikú ò lè pa òun. Abẹ́rẹ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí lífítì rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ lòun, kó wá máa yí Ìyá po. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ti tán.

Àǹtí Mọ́tótó gun àjà méjèèje. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, wọ́n sọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. A rò pé Ìyá á pariwo. Wọ́n ní kí Àǹtí dìde, pé orúnkún kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì wo ara wa, ẹ̀rù bà wá pé ọ̀fọ̀ ti dé orí Ìyá. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Bàbá ṣe ti lífítì, plásítà tán nílé. Bàbá wá yíká ilé, wọn ò rí, ni wọ́n bá kúnlẹ̀ níwájú àwọn, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé etí plásítà ìrora tó wà lórúnkún àwọn. Ẹ mọ plásítà yẹn, èyí tó máa ń ta èèyàn lára, tí òórùn rẹ̀ ń gba inú aṣọ dé inú bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ lọ gbóòórùn wọn," Ìyá wí. "Òórùn yẹn kì í kú. Mo mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ọjọ́rú, tẹ́ ẹ bá gbogbo ẹbí ní ṣọ́ọ̀bù tí à ń gbé ṣíìpù símú bí ajá tó ń wá egungun, tẹ́ ẹ sì rọra yí padà lọ sílé, orí wa pé o. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Ọ̀kan rùn bí òróró, ọ̀kan rùn bí eruku, ọ̀kan kò rùn rárá. Kíákíá tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ yà wò wá, ó béèrè ohun tó sọnù, a sọ fún un. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, òun náà mú ti ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tá a máa rí i tó jókòó. Àbíkẹ́yìn ti ń gbọ́ òórùn èyí tí à ń wá láti àjà keje, ó kàn fi í sílẹ̀ fún àgbà kó rí i ni.

Àǹtí gbé ọ̀kan símú, wọ́n dúró. Wọ́n gbé e sí Abẹ́rẹ́ nímú, Abẹ́rẹ́ sì gbé e yí gbogbo wa ká. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Òórùn Ìyá ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń rí bí a bá gbórí lé ẹsẹ̀ wọn. Abẹ́rẹ́ ní ká wá nǹkan bo fèrèsé rẹ̀ kíá, a ò sì rí plásítà nílé, bí ìṣe wa. Àǹtí bọ́ ti ìka wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Òun ló wà lórí ṣíìpù náà títí di bí a ti ń sọ yìí.

Abẹ́rẹ́ fi í síbẹ̀, lífítì sì jí. Wọ́n rán an lọ rán an bọ̀ lófìfo, wọ́n kó iyanrìn sí i, wọ́n wá kó àbíkẹ́yìn sí i. Ó dúró bí akọni. Àwọn tó ní ó dijú, ojú tiwọn ni kò dá.

Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, Ìyá jáde láti lọ wo ọkọ wọn. Lífítì gòkè wá bá wọn ní àjà keje. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọ́n mú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni di àwọn mú. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń gbé ìkejì. Gbogbo wa tò sí ara ògiri, Kíákíá náà wà níbẹ̀, ojú wa ò kúrò lára ilẹ̀kùn, torí a mọ̀ bó ṣe ń tì ní àjà yòókù. Ilẹ̀kùn ò mira. Ìyá dé ẹnu rẹ̀, wọ́n ti ọ̀pá wọlé ṣáájú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n wọlé, wọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá àga kékeré tá a gbé síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe. Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tó rọra tì. Kò yá jù. Kò pẹ́ jù.

Àwa tá a lẹ́sẹ̀ tó dá ṣáṣá la rò pé ilẹ̀kùn yẹn ń pẹ́. Láti 2016, tí gbogbo ilé ń bú Bàbá, ìrìn Ìyá ni Bàbá kọ sínú rẹ̀. Bàbá ò sọ fún ọmọ, wọn ò sọ fún aya, wọ́n kàn gba èébú sára. Kíákíá fi orí ti ògiri bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tí lífítì dé ìsàlẹ̀ tá a sáré gba àtẹ̀gùn bá Ìyá níbẹ̀, orí àga yẹn la bá wọn, ojú wọn ń wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ó mà dúró dè mí."

Bàbá Onífèrèsé fi ìyàwó wọn sáyé lọ, ẹni tó wà lórí àga iwájú yẹn. Ẹ gbójú sókè, kẹ́ ẹ wò wọ́n. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Àǹtí Mọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé réésà fún mọ́, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù, tó ti ọ̀nà jíjìn wá láìsùn, nọ́ọ̀sì, tó ti ṣèlérí láti máa kó plásítà wá sílé, àti àbíkẹ́yìn, tẹ́ ẹ ti mọ̀. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, gbogbo wọn ló ní àpá lórúnkún, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n fi Abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ọmọ tí iṣẹ́ bí fún wọn, tó ń wá orúkọ àwọn ṣíìpù yòókù padà báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá a.

Bàbá wa, a ò tíì gbà pé ẹ ti lọ. A ti bo fèrèsé yín sínú ọkàn wa, oòrùn kankan ò ní pa yín rẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́sí, ẹ̀yin lẹ̀ ń sáré tẹ̀lé Ìyá. Ẹsẹ̀ Ìyá ò yá mọ́ báyìí, a ò sì fẹ́ kó yá. Ẹ bá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ máa ronú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ dúró dè wọ́n.

Sùn re o, Onífèrèsé.